Ẹ Yẹ Omi Abẹ́ Ilé Epo Wò Kí Ilẹ̀ Tó Yí Ọwọ́ Padà

Bí ilé epo bá kógbá wọlé, ohun tí ojú rí ni wọ́n sábà máa ń kó: ẹ̀rọ tó ń fa epo, òrùlé, pátákó orúkọ. Bí olówó rẹ̀ bá láápọn, á wú táǹkì tó wà nínú ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ta ilẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé gbígbé á sì dìde níbẹ̀. Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn ni a kì í sábà bèèrè. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ilẹ̀ tí wọ́n ti ta epo rí yí ọwọ́ padà láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ omi abẹ́ rẹ̀ wò, kí àyẹ̀wò náà sì kọjá ọgbà ilé epo dé kànga àwọn aládùúgbò.

Táǹkì onírin tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ a máa dípẹtà, oríkèé páìpù a sì máa jò. Epo á máa gba àárín yanrìn lọ sísàlẹ̀ títí á fi kan omi, á wá léfòó sórí rẹ̀ bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń léfòó. Àwọn èròjà kan ń yòrò sínú omi, wọ́n sì ń bá a rìn. Benzene ló léwu jù nínú wọn, torí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ó má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo bẹntiróòlù bá jẹ́ benzene, lítà kan péré ní nǹkan bíi gíráàmù 8 nínú, ìyẹn sì tó láti ba lítà omi 800,000 jẹ́ kọjá òdiwọ̀n náà. Ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n, imú kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní omi kànga òun mọ́ gaara kò tíì sọ nǹkan kan.

Ní ọdún 1996, ìlú Santa Monica ní California ti àwọn kànga rẹ̀ tó wà ní Charnock pa, àwọn kànga tó ń pèsè nǹkan bí ìdajì omi tí ìlú náà ń mu. MTBE, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ló jò dé ibẹ̀ láti inú táǹkì àwọn ilé epo. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tún lè mu omi Charnock. Ní Nàìjíríà tiwa, ní ọdún 2011, UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, bá benzene nínú kànga ní Nisisioken Ogale, ní Ògóní, ní ìwọ̀n tó ju ìlọ́po 900 òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ. Ìpele epo tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Àwọn ará Bárùwà ní Alímọ̀ṣọ́, l'Ékòó, náà ti bá epo nínú kànga wọn. Páìpù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ogale àti Bárùwà, kì í ṣe ilé epo, ṣùgbọ́n bákan náà ni epo ń ṣe nínú ilẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ilẹ̀ máa ń wo ara rẹ̀ sàn. Ẹ̀rí wà fún wọn. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní Amẹ́ríkà wo àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ táǹkì epo tó ti jò ní California, wọ́n sì rí i pé lọ́pọ̀ ibi, benzene kì í rìn kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 260, torí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ń jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Mo gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì tiwa kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn lọ, kànga tàbí bọ́họ̀lù sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 260, ìdílé mélòó ló ń fami? Ibi tí omi bá ń ṣàn sí nìkan ló lè dáhùn, a kò sì lè mọ ìyẹn láìgbẹ́ ihò àyẹ̀wò, ó kéré tán mẹ́ta, kí a wọn gíga omi inú wọn lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, kí a sì gbé omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Àwọn mìíràn á ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: owó ihò mẹ́ta kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ìlú fi ń wá omi mìíràn. Ẹni tó jèrè nínú ilé epo náà ni kó san án. Bí ẹni náà bá ti kú tàbí tí a kò mọ̀ ọ́n, Amẹ́ríkà ti fi ọ̀nà hàn láti ọdún 1986, nígbà tí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún táǹkì tó ń jò, tí wọ́n ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́ǹtì lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan bọ́ ọ. Náírà kan lórí lítà kò ní pa ẹnikẹ́ni lára nílẹ̀ tí lítà epo ti kọjá ₦1,000 nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024. Bí àwọn kan bá sì ní àyẹ̀wò á mú kí iye ilẹ̀ já wálẹ̀, ẹni tó ń rà á ló ń ru àdánù náà báyìí láìmọ̀.

Òfin tuntun kọ́ ni a kọ́kọ́ nílò. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti sọ pé gómìnà ní láti fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó yí ọwọ́ padà. Kí àwọn gómìnà wa má fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ilé epo kankan tí èsì àyẹ̀wò omi kò bá sí nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fún gbogbo ilé tó yí i ká ní ẹ̀dà èsì náà ní èdè tí wọ́n gbọ́, títí kan ayálégbé tó ń fami níbẹ̀.