Owó Àánú Kì Í Ṣe Owó Abẹ́ Ẹní

Kò sí ọjọ́ tí ẹ̀bẹ̀ àánú kì í wọlé sórí fóònù ọmọ Nàìjíríà. Àwòrán ọmọdé tí àìsàn ọkàn ń bá fínra ni, tàbí abúlé tí àgbàrá wọ́ lọ, orúkọ fáńdéṣọ̀n kan lókè, nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀. Aláàánú pọ̀ láàárín wa, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́. Ohun tó ṣòro ni kí ẹni tó fẹ́ fúnni lówó rí ibì kan lórí ayélujára tí yóò ti mọ ẹni tó ń gba owó náà, iye tó gbà lọ́dún tó kọjá àti ohun tó fi ṣe. Ìwé ìròyìn yìí gbà pé kò yẹ kó ṣòro bẹ́ẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí aráàlú ń wá ti wà lọ́wọ́ ìjọba. Inú fáìlì ni wọ́n tì í mọ́.

Òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ló ń darí ẹgbẹ́ aláàánú, ilé ìjọsìn àti fáńdéṣọ̀n tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí CAC tó gba orúkọ ẹgbẹ́ kan wọlé, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí i lè kọ̀wé láàárín ọjọ́ 28. Àwa tí a ń tẹ ìkéde wọ̀nyẹn mọ̀ pé wọn kò wọ́n. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, òfin kan náà ní kí àwọn alábòójútó ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn trustee, máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún láàárín ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà sí òpin ọdún. Orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà ní gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé lórí bí nǹkan ti ń lọ fún ẹgbẹ́ náà. A jẹ́ pé gbogbo ayé ni òfin pè wá wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ CAC ló ń dúró sí.

Kí ni aráàlú ń rí? CAC ní ojú ìwé kan lórí ayélujára tí ènìyàn lè wá orúkọ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà hàn, èyí tí lẹ́tà IT máa ń wà níwájú rẹ̀ bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú, pẹ̀lú ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, àdírẹ́sì, àti bóyá ẹgbẹ́ náà ń fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ déédéé. Èyí dára, a sì yin CAC fún un. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ alábòójútó níbẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú ìṣirò owó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sanwó. Àwọn ẹgbẹ́ tún ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń dènà fífi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́ lábẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn tó jẹ mọ́ owó, báǹkì sì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì. Ìyẹn náà, ti ìjọba àti ti báǹkì ni. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe nítorí ìyá tó fẹ́ fi ₦5,000 ran ọmọ olókùnrùn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ilẹ̀ England àti Wales. Charity Commission, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1853, ní ìwé orúkọ kan lórí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láìsan nǹkan kan. Orúkọ àwọn alábòójútó wà níbẹ̀, iye tó wọlé àti iye tó jáde lọ́dọọdún wà níbẹ̀. Àjọ tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £25,000 lọ gbọ́dọ̀ fi odindi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ kí aráyé lè kà á, bó bá sì pẹ́, ojú ìwé náà yóò sọ pé ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ Captain Tom Moore fi àǹfààní ìwé orúkọ yìí hàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, bàbá ológun-fẹ̀yìntì yìí, tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, aráyé sì dá owó tó lé ní £38 mílíọ̀nù fún àwọn àjọ tó ń ran ilé ìwòsàn ìjọba lọ́wọ́. Owó yẹn kò ní ẹ̀sùn kankan. Àjọ mìíràn tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ló di ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìṣirò owó àkọ́kọ́ àjọ náà jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn oníròyìn kà á, wọ́n sì rí i pé owó tó lé ní £50,000 ti lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tí ọmọ bàbá náà àti ọkọ rẹ̀ ń darí. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, Charity Commission bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lábẹ́ òfin. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, sọ pé ìwà àìtọ́ wáyé léraléra. Kò dìgbà tí ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni kí ọ̀rọ̀ náà tó hàn sí aráàlú.

Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù 990 ni àjọ aláàánú ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí, IRS. Owó tó wọlé, owó tí wọ́n ná, àti owó oṣù àwọn ọ̀gá àgbà wà nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Àjọ tí kò bá fi í ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta léra yóò pàdánù àǹfààní àìsan owó orí láìsí àríyànjiyàn. Lóòótọ́, wọ́n yọ ilé ìjọsìn sílẹ̀ nínú òfin yìí, àléébù ńlá ni lójú tiwa. Síbẹ̀, nítorí pé fọ́ọ̀mù náà wà ní gbangba, àwọn mìíràn ti kó o jọ sí ibi tó rọrùn láti wá: GuideStar, tó wà lábẹ́ Candid báyìí, àti Nonprofit Explorer ti ProPublica.

Àwọn ènìyàn wa wà nínú ètò méjèèjì. Ìjọ tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tó wá ní ẹ̀ka ní Lọ́ńdọ̀nù, ń fi ìṣirò owó rẹ̀ sí ojú táyé lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláàánú ní Amẹ́ríkà ń kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Kò sí èyí tó kú nítorí pé wọ́n ka ìṣirò rẹ̀. Kí ló dé tí ohun tó ṣeé ṣe ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò fi ṣeé ṣe ní Ìbàdàn?

Àṣà àjèjì sì kọ́. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ èyíkéyìí nílẹ̀ yìí, akápò á dìde, á ka iye tó wọlé àti iye tó jáde, ọmọ ẹgbẹ́ á sì béèrè èyí tí kò yé e. Lórí ayélujára náà, a ti rí i. Nígbà ìwọ́de #EndSARS, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ta ko ìwà ipá ọlọ́pàá, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó pe ara wọn ní Feminist Coalition gba owó tó lé ní ₦147 mílíọ̀nù, wọ́n sì ń gbé iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n ná an lé lórí jáde. Àwọn kan padà wá béèrè ìbéèrè lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìyẹn gan-an ni èrè ìṣirò tó wà ní gbangba: ìbéèrè rí ohun tí yóò dì mú.

A mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù, ẹ̀rù wọn sì nídìí. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé àbádòfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti dá àjọ tí yóò máa ṣàkóso àwọn NGO sílẹ̀. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ta kò ó gidigidi nígbà ìjíròrò ìta gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, kò sì di òfin. Abala 839 nínú CAMA, tó fún CAC láyè láti dá àwọn alábòójútó dúró, bí CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, nínú. Ìjọba tí kò fẹ́ àríwísí lè fi irú agbára bẹ́ẹ̀ pa ẹnu ẹgbẹ́ tó ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń béèrè kò fi kún agbára ìjọba. Níbi tí CAC nìkan ti ń rí ìwé ẹgbẹ́, CAC nìkan ló lè sọ pé ẹgbẹ́ ṣe é re tàbí kò ṣe é re. Níbi tí gbogbo wa ti ń rí i, ẹ̀sùn èké tí aláṣẹ bá fi kan ẹgbẹ́ olóòótọ́ yóò já lójú ara rẹ̀.

Nítorí náà, kí CAC fi orúkọ àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ojú ìwé ọ̀fẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí ìjábọ̀ rẹ̀ wọlé kẹ́yìn. Àdírẹ́sì ilé wọn kò kan aráyé. Kí ó sì fi ìṣirò owó àwọn ẹgbẹ́ ńlá síbẹ̀. Kí wọ́n yọ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀, kí owó aṣírò-owó má baà jẹ owó àánú tán. Fáńdéṣọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò nílò láti dúró de òfin: kí ó gbé ìṣirò rẹ̀ jáde lónìí.

Kí ẹni tó fẹ́ fúnni náà má di ojú ara rẹ̀. Àmì búlúù lórí X tàbí Facebook, owó ni wọ́n fi ń rà á. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sórí áàpù báǹkì, orúkọ oníǹkan yóò jáde; bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn dípò ti ẹgbẹ́, ẹ béèrè ìdí. Ẹ fi àwòrán tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ wá orí Google, bóyá ọmọ ìlú mìíràn ni, láti ọdún pípẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba owó ìjọba sì wà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011: ẹ lè kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí oníàánú di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kí ó tó lè fúnni ní owó rẹ̀. Ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà ni àyè ìjábọ̀ ọdọọdún máa ń ṣí. Kí CAC bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kàn: bí ìjábọ̀ bá ṣe ń wọlé, kí ó máa hàn.