Ẹni Tó Fẹ́ Jagun Orí Tábìlì, Kó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ́ Ojú Ogun

Irú eré ogun kan wà tí àgbàlagbà ń ṣe lórí tábìlì ní ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà àti káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ère ọmọ ogun kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ga ju nǹkan bíi mìlímítà 28 lọ. Oníkálukú á to tirẹ̀ sí apá kan tábìlì, wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí ọmọ ogun lè rìn dé, wọ́n á sì da dáìsì láti mọ ẹni tí ọta bà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Warhammer, tí ilé-iṣẹ́ Games Workshop tó fi Nottingham ṣe ibùjókòó kọ́kọ́ gbé jáde ní 1983. Àmọ́ ọmọ ogun nìkan kò tó. Tábìlì gbọ́dọ̀ ní òkè, igbó, odi, afárá àti ilé tó ti wó, tí àwọn ọmọ ogun yóò máa gun, tí wọ́n á sì máa sá pamọ́ sí. Èrò mi nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí ni pé kí ẹni tó ń ṣeré náà má sáré lọ rà wọ́n. Páálí, igi ìṣáná, ike àlòkù àti fóòmù tí wọ́n fi di ẹrù ni kó fi kọ́ wọn. Owó tó máa ṣẹ́ kù sí i lápò dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé ẹni tó kọ́ ojú ogun fúnra rẹ̀ máa ń mọ eré náà dé ìdí, lọ́nà tí ẹni tó rà á kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìtàn eré náà gbè mí lẹ́yìn. Ní Prussia, ìjọba tó di ara ilẹ̀ Jámánì nígbẹ̀yìn, ìjòyè kan tó ń jẹ́ von Reisswitz ló gbé eré ogun wá síwájú Ọba Frederick William III ní 1812. Yanrìn tútù ló ti kọ́kọ́ ń fi mọ òkè àti àfonífojì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan ọba, ó rò ó pé yanrìn kò yẹ ààfin, ló bá ṣe tábìlì olówó ńlá, tó ní àwo píọ́pì tí wọ́n mọ odò, igbó àti òkè sí lójú. Ọba fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ààfin ni tábìlì náà mọ sí. Ọmọ von Reisswitz ló tún eré náà ṣe ní 1824, tó gbé e sórí máàpù bébà lásán, ìgbà yẹn ló tó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ológun káàkiri Prussia. Ohun tí kò wọ́n ló rìn jìnnà. Bákan náà ló rí nígbà tí H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará ìlú Ọba, tẹ ìwé Little Wars jáde ní 1913. Ìwé encyclopaedia gbàǹgbà-gbàǹgbà ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kó lè di òkè. Nígbà tó yá, wọ́n ki ẹ̀ka igi bọ ihò ara pákó, ó di igbó, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa odò. Ohun tó wà nílé ni wọ́n lò, àwọn tó ń jagun orí tábìlì lónìí sì ń ka Wells mọ́ àwọn baba ńlá wọn.

Games Workshop pàápàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1975, kò gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Warhammer 40,000 jáde ní 1987, ọmọ ogun pọ̀ lórí àtẹ, ilé àti ọkọ̀ ogun kò pọ̀. Ní sáà yẹn, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi han àwọn òǹkàwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè sọ ike lọ́fínńdà abíyá tó ti tán di ọkọ̀ ogun tó ń fò, àwọn àgbà inú eré náà ò sì tíì gbàgbé ọkọ̀ yẹn títí dòní. Ní 1996, wọ́n tẹ odindi ìwé jáde lórí bí a ṣe ń kọ́ ojú ogun láti ara ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Lẹ́yìn náà ni ilé àwókù oníke tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wá gba ipò lórí àtẹ. Ọjà náà tà. Ní oṣù Kejìlá 2024, Games Workshop wọ FTSE 100, àkójọ ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù ní ọjà ìpín London. Èmi ò bínú sí ẹni tó ń jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú eré náà lónìí lè gbà pé tábìlì tí kò ní ilé tí wọ́n rà kò tíì pé, kó sì ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo òkè àti ilé orí tábìlì bí ẹ̀ṣọ́. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, torí àwọn gan-an ló ń pinnu ẹni tó máa borí. Lórí tábìlì tó gbalasa, ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń lọ jìnnà ti borí kí wọ́n tó da dáìsì. Àwọn tó ń fi idà jà á ti kú tán lójú ọ̀nà. Ẹ gbé odi kan tó ga ju ọmọ ogun lọ sáàárín, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ wá lu fèrèsé sí odi náà, á tún yí padà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ eré wọ̀nyí, ẹni tí ọmọ ogun bá rí nìkan ló lè yìnbọn sí. Tí àlàfo àárín ilé méjì bá gba ọmọ ogun tí kò gba ọkọ̀, ó ti sọ ọkọ̀ olówó ńlá di ohun tó kàn dúró síbẹ̀. Ẹni tó mú bíléèdì dání láti gé fèrèsé kò lè sá fún ìbéèrè yìí: ta ni yóò rí ta láti ibí? Ẹni tó ra ilé rà á pẹ̀lú ìdáhùn tí ẹlòmíì ti ṣe sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òkè nìkan yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ á fẹ́ kó jọ òkè gidi, á fi ọ̀bẹ họ etí fóòmù títí yóò fi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ó wuni lójú. Ṣùgbọ́n gbé ọmọ ogun lé e, á yọ̀ dé ìsàlẹ̀, torí ìdí rẹ̀ tó pẹlẹbẹ kò lè dúró lórí ohun tó dagun. Tí ó bá tò ó ní ìpele-ìpele, gbogbo ọmọ ogun á dúró dáadáa, àmọ́ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ jọ òkè mọ́. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà máa ń pa méjèèjì pọ̀: ibi tí ogun máa ń gbà gun òkè á wà ní ìpele tó fẹ̀ tó ìdí ọmọ ogun, ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí á dà gẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti rò ó dé ibẹ̀ yẹn ti ń ronú bí ọ̀gágun. Ó ti mọ ibi tí àwọn ọmọ ogun á gbà wá àti ibi tí wọn ò ní í gbà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò náà ń kọ́ni. Bí èèyàn bá fi omi là gọ́ọ̀mù funfun, tó fi kun ojú kan páálí, tó sì da yanrìn lé e, páálí náà á ti ká kò kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé gọ́ọ̀mù máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, ojú kan ṣoṣo ló sì ń fà. Kó kun ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kó gbé ohun tó wúwo lé e, á nà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn kò fẹ́ ọ̀dà alágolo tí wọ́n ń fín rárá. Kẹ́míkà inú ọ̀dà á yọ́ ọ bí bẹntiróòlù ṣe ń yọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ po gọ́ọ̀mù mọ́ ọ̀dà dúdú olómi, á fi bo gbogbo ara rẹ̀, kò ní í ku ihò kan. Páálí onílà tí wọ́n bá bó awẹ́ òkè rẹ̀ kúrò di òrùlé páànù lójú ẹsẹ̀. Ewé tíì tí wọ́n ti pọn, tí wọ́n sì sá gbẹ, di ewé tó jábọ́ sábẹ́ igi. Kò sí ọ̀kan nínú ìmọ̀ yìí tó wà nínú páálí ilé oníke.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í dán tó ti ẹ̀rọ. Òótọ́ ni tí a bá gbé méjèèjì síra wọn láìtíì kùn wọ́n. Ọ̀dà ló ń parí ìjà náà. Tí wọ́n bá fi dúdú kun gbogbo rẹ̀, tí ó gbẹ, tí wọ́n wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tó ní ọ̀dà aláwọ̀ eérú díẹ̀ lẹ́nu, nù ún lérèfé, gbogbo etí tó yọ á gba àwọ̀ eérú, gbogbo kòtò á dúdú. Ojú á sì gbà pé òkúta ni. Ẹ̀sùn tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ti ìdíje. Níbi tí ẹ̀bùn bá wà, ó tọ́ kí gbogbo tábìlì dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má fi odi tó wù ú ra ìṣẹ́gun. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ìdíje ń béèrè, kò béèrè ike. Ilé àwókù tí ọ̀pọ̀ ìdíje Warhammer 40,000 ń lò kò ju ògiri méjì tó pàdé ní igun lọ, igun kọ̀ọ̀kan páálí bíńsìkíìtì sì ti jẹ́ ògiri méjì tó pàdé. Rúlà àti bíléèdì ló kù.

Ní ti pé kò sí àkókò, èmi ò rí i bí ẹjọ́. Ike tí wọ́n rà náà fẹ́ kí wọ́n gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kùn ún. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ atẹ̀wé 3D tẹ ilé jáde nílé wọn sì wà, mo sì bọ̀wọ̀ fún èyí tó bá fúnra rẹ̀ ya àwòrán ohun tó ń tẹ̀, torí òun náà ti dáhùn ìbéèrè fèrèsé yẹn. Ẹni tó kàn wa àwòrán ẹlòmíì sílẹ̀ ṣì wà níbi tí oníbàárà wà.

Ọ̀rọ̀ àyíká wá ńkọ́? Níbí, mo fẹ́ kí àwa tí a fẹ́ràn iṣẹ́ yìí sọ òtítọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike oúnjẹ onífóòmù ní oṣù Kìíní 2024 nítorí pé ó ń dí gọ́tà, kì í sì í jẹrà. Kíkọ́ òkè orí tábìlì kò lè wo àìsàn yẹn sàn. Páálí tí a ti kun ọ̀dà sí, tí a sì ti lẹ yanrìn mọ́, kò ṣeé tún lò mọ́ nílé-iṣẹ́ bébà. Fóòmù tí a gé ń da ẹ̀ẹ́rún sílẹ̀, èéfín tó ń jáde tí a bá fi wáyà gbígbóná gé e kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni tó bá ń ṣe é ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ kéré, àmọ́ ó dájú: ohun tí ì bá lọ sí ààtàn á wúlò fún ọdún mélòó kan sí i, a ò sì ní kí wọ́n ṣe ike tuntun nítorí wa. Ẹni tó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ba ẹjọ́ tó dára jẹ́.

Ó ku àwọn tó máa béèrè ohun tó kan ọmọ Yorùbá nínú eré òyìnbó. Lórílẹ̀-èdè yìí, NIBCARD Games ti ń ṣe eré orí tábìlì jáde ní Abuja. Nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ń rẹ ìwé ìròyìn sómi nínú kíláàsì iṣẹ́ ọnà, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi mọ abọ́ àti ìbòjú. Àwọn ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò kò sì tíì tán lójú títì. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ti wà. Ohun tó kù ni kí iṣẹ́ náà ní ohun tí wọ́n á lò ó fún lẹ́yìn tí tíṣà bá ti fún un ní máàkì, mo sì ní ọ̀kan tí mo lè dábàá.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ọ̀pọ̀ ìjà náà ti wáyé. Kò sí ilẹ̀ yẹn nínú páálí kankan tí Games Workshop ń tà, ẹni tó bá sì ń dúró de àtirà á máa ja ogun ẹlòmíì títí ayé. Fóòmù onípele á di òkè. Páálí tí a fi ìwé ìròyìn gígún bò, tí a kun ọ̀dà pupa amọ̀, á di ògiri búdó. Kànìnkànìn ìwẹ̀ tí a gé kúkúrú, tí a tò ní ìlà-ìlà, á di òrùlé koríko. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bí ògiri náà ṣe máa ga tó, àfi kó kọ́kọ́ lọ ka ìtàn. Yóò rí i pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn Snider tó ń gba ọta láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé, ìbọn tó ń lọ jìnnà ju ṣakabùlà lọ dáadáa, àti pé láti ìgbà tí ìbọn náà ti dé ni ìjáde sí gbangba ti di ewu ńlá fún àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Kó gbé ṣakabùlà fún apá kan, kó gbé Snider fún apá kejì, kó wá pinnu ibi tí odi máa wà.