Oníwòsàn Tí Kò Kánjú
Láti ọwọ́ Ọmọ Lísàbí

Bí obìnrin kan tí ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, bá ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, tí ó bá orúkọ àwọn oníbàárà níbẹ̀ tí kò rántí pé òun tajà àwìn fún, tí ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì rí wọ́gọwọ̀gọ bí ti ọmọ iléèwé, tí àwọn tí wọ́n jọ ń pàtẹ sì ń bi í léèrè ohun tí ó dé tí ó fi ń fi ohùn ọmọdé sọ̀rọ̀ lánàá, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tí ó ní òun kọ́ ni wọ́n ń pè, kò sí iyèméjì pé kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹnì kan yóò ti sọ pé ayé ni ó ń ṣe é, ẹlòmíràn yóò sì ti dárúkọ orí òkè tí ó yẹ kí a gbé e lọ. Ó lè jẹ́ pé àìsàn tí àwọn dókítà ọpọlọ ń pè ní dissociative disorder ni ó ń bá a jà, èyí tí ọkàn fi ń pín ara rẹ̀ sí yàrá yàrá, tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kan kì í fi í dé etí èkejì. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe wárápá, ṣùgbọ́n ó máa ń jọ àwọn méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ wò dáadáa kí ó tó fẹnu lé e.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti ń ṣẹ̀ wá kò dùn ún sọ. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ó le jù fún, ìgbà èwe ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ aláàbò, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ọmọ tí a ń lù bí ẹni lu bàrà, tàbí tí a ń fi ipá bá sùn, tí kò sì ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sá lọ, a máa fi ọkàn sá, a sì fi ara sílẹ̀ fún ẹni tí ń jẹ ẹ́ níyà. Sísá náà yóò di bárakú, yóò bá a dàgbà, tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn ọtí lásán lè tún lé e lọ nígbà tí ó ti di ìyá ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í ṣàìmọ ìdí tí ìdè, ẹgba àti ààwẹ̀ tipátipá tí a fi ń lé ẹ̀mí jáde ní ibòmíràn kò fi lè jẹ́ ìwòsàn: ohun tí ó dá àrùn sílẹ̀ gan-an ni a tún ń bù fún aláìsàn mu. Yóò dákẹ́ lóòótọ́, ìjọ yóò sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń sá lọ láti kékeré náà ni ó tún sá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé gbogbo gígùn tí ẹ̀mí ń gun ènìyàn ni àrùn. Elégùn Ṣàngó tí òrìṣà gùn lójú agbo, tí ìlù pè, tí àwọn tí ó mọ ìlànà dúró tì, tí ó sì padà bọ̀ sípò nígbà tí ọdún parí, kò ṣàìsàn, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Bahia ní Brazil. Ìwé àkójọ àrùn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, pàápàá ya irú èyí sọ́tọ̀: gígùn tí ń dé láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́, tí ó sì ń ba iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ jẹ́, ni wọ́n kà sí àrùn.

Àwọn dókítà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi ìkánjú. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ìwé Sybil, ìtàn obìnrin kan tí wọ́n ní ọkàn rẹ̀ pín báyìí, jáde ní 1973 tí tèwe tàgbà sì kà á, àwọn olùtọ́jú kan ń fi oògùn àti ọgbọ́n ìmúnisùn tú inú aláìsàn wò, títí àwọn mìíràn fi ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1997, ilé ìwòsàn kan ní Chicago àti àwọn dókítà rẹ̀ gbà láti san owó tí ó ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ fún ìdílé kan ṣoṣo nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ tí ń pariwo pé “Jáde!” àti dókítà tí ń pàṣẹ pé “Rántí!”, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀nà tí ó sàn jù ti wà. Pierre Janet, ará Faransé, tí ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1889, ti rí i pé ní ìpele ìpele ni ìtọ́jú yìí ń lọ, ètò ìpele mẹ́ta sì ni àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé títí di òní. Ìpele kìíní ni àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú: kí ara aláìsàn balẹ̀ ná, kí ó máa sùn, kí ó máa jẹun, kí ó yé fi abẹ ya ara rẹ̀, kí ó sì kọ́ bí a ti ń pe ara ẹni padà nígbà tí ọkàn bá fẹ́ sá, bóyá kí ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé sìmẹ́ńtì tútù, kí ó dárúkọ ọjọ́ òní, ìlú tí ó wà, àti ohun márùn-ún tí ojú rẹ̀ ń rí níwájú rẹ̀. Èyí nìkan lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè gba ọdún. Lẹ́yìn èyí ni a tó máa fọwọ́ kan ohun àtijọ́, ní díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ẹ̀yà ọkàn tó kọ́ bí a ti ń jọ gbé. Oògùn wà fún àìsùn àti ìbànújẹ́ tí ń bá a rìn. Fún ìpínyà náà fúnra rẹ̀, kò sí hóró kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò wà, ti Yábàá wà, ilé ìwòsàn UCH sì wà ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìwákiri ti bẹ̀rẹ̀, àní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò darí ènìyàn sí. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí Arò ká, pẹ̀lú ìbátan tí ń ṣìkẹ́ wọn, ayé sì gbóṣùbà fún un. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n nínú àìsàn tí à ń sọ yìí, ìbátan tí ó sáré gbé àpò tẹ̀ lé aláìsàn lè jẹ́ ẹni tí ó dá a lóró. Nítorí náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kí ó yan ẹni tí yóò bá a lọ, olùtọ́jú sì gbọ́dọ̀ rí aláìsàn nìkan sójú kí ó tó bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Nígbà tí aláìsàn àti ẹni tí ó bá a lọ bá sì jókòó níwájú olùtọ́jú, kí wọ́n bi í bóyá ó ti tọ́jú irú rẹ̀ rí, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe, àti bí yóò ti pẹ́ tó. Bí ó bá dáhùn pé òun yóò kọ́kọ́ wá àṣírí náà jáde, pé ọ̀sẹ̀ méjì sì ti pọ̀ jù, kí wọ́n san owó káàdì tí wọ́n bá jẹ, kí wọ́n sì máa wá ẹlòmíràn lọ.