Ìwé Mọ Etíkun, Agboolé Ló Mọ Ilé

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé òfin kan jáde tó kan àwa tí a ń kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Òfin 2024-31 ni wọ́n ń pè é. Ó fàyè gba àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí òkun lọ láti di ọmọ Bẹ̀nẹ̀, bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ní 2025, ìjọba ṣí ojú òpó kan tí wọ́n sọ ní My Afro Origins, kí àwọn tó wà lókèèrè lè kọ̀wé béèrè láti ibi tí wọ́n wà. Ẹni tí wọ́n bá gbà yóò kọ́kọ́ gba ìwé ọdún mẹ́ta. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó di àṣeparí. Ciara, olórin Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní ọdún 2025 kan náà.

Òfin yìí kò béèrè pé kí ènìyàn sọ ìlú tí baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ohun tó ń béèrè ni ẹ̀rí pé wọ́n kó baba ńlá náà lẹ́rú láti Áfíríkà. Ẹ̀rí yìí lè jẹ́ ìwé ìjọba, ó lè jẹ́ àyẹ̀wò DNA, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rí ẹnu tí a gbé kalẹ̀ lọ́nà òfin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rin ìrìn àjò láti Salvador tàbí láti Alabama wá, tí yóò gba ìwé, tí kò ní béèrè pé, ilé wo ni tiwa? Ọ́fíìsì kankan ní Kútọnu kò lè dá a lóhùn. Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà, Bantè, Pobè àti Àjàṣẹ́ ni ìbéèrè náà ń bọ̀ wá bá. Ó yẹ kí a wò ó bóyá a ti múra sílẹ̀.

Ibi tí ìwé parí sí

Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kì í ṣe kékeré. SlaveVoyages kó ìtàn ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 jọ: orúkọ ọkọ̀, ọdún tó ṣí, èbúté tó ti gbéra, èbúté tó gúnlẹ̀ sí, iye ènìyàn tó kó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tó kúrò ní Ouidah tàbí ní Àjàṣẹ́ lọ sí Bahia ní ọdún kan pàtó lè rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú láti àwọn ìjọ Àgùdà ní Bràsíl wà lórí FamilySearch, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Amẹ́ríkà, ìkànìyàn ọdún 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti máa ń kọsẹ̀, nítorí ṣáájú rẹ̀, iye ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti orúkọ olówó ẹrú nìkan ni wọ́n máa ń kọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé wọ̀nyí, etíkun ni ìmọ̀ wọn parí sí. Àlùfáà tó ṣe ìrìbọmi ní Bahia kọ “Nagô” sílẹ̀. Akọ̀wé ní Havana kọ “Lucumí”. Nagô yẹn lè jẹ́ ará Kétu, ó lè jẹ́ ará Ọ̀yọ́, ó lè jẹ́ ará Ẹ̀gbá. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé agboolé wo ni.

Ìwé kan wà tó yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọkọ̀ ẹrú lójú omi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana. Orúkọ 91,491 ló wà nínú àkójọ African Origins, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti gíga, àti nígbà mìíràn àmì tó wà lára. Orúkọ àbísọ ni wọ́n, kì í ṣe orúkọ tí olówó sọ wọ́n. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè ló gbọ́ wọn tó sì kọ wọ́n bó ṣe gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe àkójọ náà fi bẹ àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà pé kí wọ́n ka orúkọ náà sókè, kí wọ́n sọ èdè tí wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ wa ni èyí. Etí ọmọ Kétu lè gbọ́ nínú orúkọ kan ohun tí ọ̀mọ̀wé kò lè rí nínú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ààlà ọdún 1889

Àyẹ̀wò DNA ni ọ̀pọ̀ ń sáré sí nítorí ó yá. Ó lè fi hàn pé ènìyàn ní ìbátan ní apá ibi kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lè fi ìbátan tòótọ́ hàn bí ẹni tó bára mu bá ti ṣe àyẹ̀wò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń fi orúkọ orílẹ̀-èdè òde òní pe àbájáde wọn: “Nàìjíríà” lọ́tọ̀, “Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò” lọ́tọ̀. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà yẹn. Ó gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n kó ní Kétu ní 1789 kò mọ ààlà kankan. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé “Nàìjíríà” ni, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe ti Kétu. Bí ó bá sì sọ pé “Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò” ni, Fọ̀n lè ni, Ẹ̀wẹ̀ lè ni, Yorùbá lè ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àlejò kankan fi ìdá ọgọ́rùn-ún tó wà lórí fóònù rẹ̀ gba ipò nínú agboolé.

Ohun tí orúkọ kan ṣe

Àpẹẹrẹ tó dára wà nítòsí. Ní Salvador, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Terreiro do Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé obìnrin tó dá a sílẹ̀, Otampê Ojaró, jẹ́ ọmọ ọba Kétu tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ní kékeré. Ọ̀mọ̀wé Vivaldo da Costa Lima so Ojaró pọ̀ mọ́ Arò, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọba Kétu. Lẹ́yìn rẹ̀, Lisa Earl Castillo wá inú àwọn ìwé àtijọ́ ìlú Salvador, ó sì tẹ ìtàn àwọn olùdásílẹ̀ náà àti ẹbí wọn jáde ní 2011, láti 1807 títí dé 1867.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Ìwé Bràsíl ló lè sọ orúkọ Àgùdà tí wọ́n sọ wọ́n, ọkọ, aya àti ọmọ. Ẹnu àwọn ará ilé náà ló pa Ojaró mọ́ fún igba ọdún. Kétu nìkan ló sì lè sọ pé Arò jẹ́ ìdílé tó wà. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, okùn náà já.

Ti Kossola náà rí bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ọkọ̀ Clotilda tó gúnlẹ̀ sí Alabama ní 1860. Ìjọba Amẹ́ríkà kò kọ ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Zora Neale Hurston àti àwọn mìíràn ni Sylviane Diouf fi tọpa rẹ̀ dé agbègbè Bantè.

Orúkọ tó lè ṣini lọ́nà

Àwa náà ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú àkójọ tiwa. Nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní ìwé ìbí, wọ́n sọ orúkọ baba di orúkọ ìdílé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, Chabi àti Biaou pọ̀ lórí ìwé. Ẹni tó ń wá ìbátan lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rò pé ìdílé kan náà ni gbogbo Chabi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ ìtẹ̀léra ọmọ ni, bíi ti àwọn ará Bàrìbá: Orou ni àkọ́bí ọkùnrin, Sabi ni ìkejì, Bio ni ìkẹta, Boni ni ìkẹrin. Ọgọ́rùn-ún ìdílé ló ní Chabi tirẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, orúkọ àwọn Àgùdà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹlòmíràn gba da Silva tàbí d'Almeida lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ní Bahia, ẹlòmíràn lọ́wọ́ baba ìsàmì, ẹlòmíràn sì wà nínú ilé náà bí ìwọ̀fà tàbí ìránṣẹ́ títí orúkọ fi mọ́ ọn lára. Orúkọ kan náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà nígbà gbogbo. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, ilà ojú àti òrìṣà ìdílé, èyí tí ìwé ìbí kò ní àyè fún.

Ẹ̀rí ẹnu kì í ṣe ọjà

Níwọ̀n ìgbà tí òfin ti gba ẹ̀rí ẹnu, ẹ̀rí ẹnu ti ní iye. Ewu tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Àlejò tó ti ń wá ilé fún ogún ọdún kò ní í ṣòro láti tàn jẹ. Ẹnì kan lè kọ oríkì fún un, kó sọ ọ́ di ọmọ ọba, kó gba owó. Irọ́ náà yóò bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn yóò dà á kọ sínú igi ìdílé tiwọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò ti di “orísun”. Bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ilẹ̀ bá dé, wọ́n á mú un wá síwájú adájọ́.

Ewu kejì ni ti àwa ará ilé. Nínú agboolé wa, ọmọ bíbí wà, àtọmọdọ́mọ ẹni tí a rà tàbí tí a kó lógun náà wà, gbogbo wọn sì ti di ọ̀kan. Àgbà mọ̀ ọ́n, àgbà kì í sọ ọ́. Bí a bá kó gbogbo ohun tí àgbà mọ̀ sórí ayélujára láìṣe àṣàyàn, a ó tú ohun tí sùúrù igba ọdún ti dì.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Kétu ní àwọn tí ipò wọn jẹ́ láti máa ka orúkọ àwọn Alákétu láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlànà sì wà fún un: ẹni tó lè kà á, ìgbà tó lè kà á, níwájú ta ni. Ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àkójọ ti òde òní nílò. Kí a gba ohùn àgbà sílẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda olórí ilé. Kí a kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì fi bí Faransé ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó wà ní Bràsíl kò lè wá Ṣàbí bí Chabi nìkan ló wà níbẹ̀. Kí orúkọ alààyè má ṣe jáde. Kí ohun tó yàtọ̀ láàárín ilé méjì wà ní méjì, ká má ṣe fi ipá sọ ọ́ di ọ̀kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ́rìí fún àlejò, kí ó jẹ́ nínú ìpàdé ìdílé, kó má jẹ́ lẹ́yìn ilé.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń bọ̀ yìí ti ní orúkọ púpọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Bí a kò bá mọ ilé wọn, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn pé a kò mọ̀ ọ́n, kí a gbà wọ́n lálejò dáadáa, kí a sì kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ní agboolé kejì, ẹnì kan ń ka orúkọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n kó lọ, tí ìdílé kò tíì gbàgbé.