Ààwẹ̀ ò san gbèsè

1. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí ojúewé rẹ̀ lánàá pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù. Ó ní wọ́n á dẹ́ṣẹ̀ fún odidi ọdún, wọ́n á gbààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó parí. Èèyàn tó ju igba lọ ló ti láìkì í. Ẹ dákun, ẹ wá ìjókòó. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

2. Òótọ́ ni pé ààwẹ̀ náà le. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Tishrei ni, ó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá tiwa. Bíi wákàtí 25 gbáko, kò sóúnjẹ, kò sómi. Kò sí ìwẹ̀, kò sí ìpara, kò sí bàtà awọ, tọkọtaya kì í sùn pọ̀. Ọ̀pọ̀ á wọ aṣọ funfun lọ sí sínágọ́gù. Ní Ísírẹ́lì, ojú títì á dá débi pé àwọn ọmọdé á máa gun kẹ̀kẹ́ lórí òpópónà márosẹ̀.

3. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Ó wà nínú Mishnah, àkójọ òfin tí àwọn ràbì parí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ẹ̀ṣẹ̀ sí. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù lè wẹ̀ ẹ́ nù. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti ọmọnìkejì rẹ, ọjọ́ náà ò kàn án rárá, àfi tí o bá kọ́kọ́ lọ tu onítọ̀hún lójú.

4. Ẹ tún un kà o. Ebi tó ń pa ọ́ ò san gbèsè tí o jẹ mí.

5. Maimonides, ọ̀mọ̀wé wọn tó gbé ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejìlá, tún tú u palẹ̀. Tí o bá ja èèyàn lólè, tí o dá owó rẹ̀ padà, o ṣì gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́. Tí kò bá gbà, mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dání lọ, kí o lọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Tí ó bá jẹ́ olùkọ́ rẹ lo ṣẹ̀, lọ nígbà ẹgbẹ̀rún. Tó bá ti kú ńkọ́? Kó èèyàn mẹ́wàá lọ sí ibojì rẹ̀, kí o jẹ́wọ́ níṣojú wọn, kí o sì kó owó rẹ̀ fún àwọn ajogún rẹ̀.

6. Ṣé ìyẹn jọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lójú yín?

7. Àwọn kan á fa Kol Nidre yọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ lórin nírọ̀lẹ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń tú ẹ̀jẹ́. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ìbúra Júù ò fi ṣe é gbà gbọ́. Irọ́ àtijọ́ ni. Àwọn ọ̀tá wọn ní Yúróòpù ti fi bà wọ́n jẹ́ tipẹ́. Ẹ̀jẹ́ tí èèyàn bá Ọlọ́run jẹ́ ló ń bá wí. Àdéhùn tí o bá èèyàn ṣe ṣì wà lọ́rùn rẹ.

8. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ wo ohun tí wọ́n ń kà sétí ara wọn. Láàárọ̀, Àìsáyà orí 58, níbi tí wòlíì ti ń bú àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń ni òṣìṣẹ́ wọn lára. Lọ́sàn-án, ìwé Jónà. Àwọn ràbì ní kí a kíyè sí i: kì í ṣe aṣọ ọ̀fọ̀ àti ààwẹ̀ àwọn ará Nínéfè ni Bíbélì sọ pé Ọlọ́run rí. Ìṣe wọn tó yí padà ló rí.

9. Ó wá ku àwa. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá tó kọjá, mo kọ ọ́ sórí status mi pé: "Gbogbo ẹni tí mo bá ṣẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ foríjì mí." Mo wọ funfun, mo lọ sí ìsìn àìsùn, mo sunkún dáadáa.

10. Ọ̀rẹ́ mi kan tó yá mi ní ₦35,000 láti oṣù Kẹrin fèsì pé: "Ṣé èmi náà wà nínú 'gbogbo' yẹn?" Mo fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Èmi o! Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé.

11. Àwọn Júù náà ń ṣe é o. Kí Yom Kippur tó wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ gbogboogbò yẹn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ràbì kan ń bá wọn wí, torí òfin wọn ní kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Àwa ńkọ́, ta ló ń bá wa wí?

12. Ẹ má sọ fún mi pé Májẹ̀mú Tuntun ti pa ìyẹn rẹ́. Nínú Mátíù 5, Jésù ní kí o fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Júù ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, àwọn Júù ló sì ń bá sọ̀rọ̀.

13. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Yom Kippur ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó lọ bẹ̀ lójúkojú lọ́dún yìí. Orúkọ o, kì í ṣe "gbogbo yín."

14. Mo ti lọ sílé ọ̀rẹ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo san ₦20,000. Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ túraká sí mi, mi ò sì bá a wí. Ó ku ₦15,000. Mo ti sọ tèmi.