Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wo eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Kòríà àti ti ilẹ̀ Japan mu gan-an. Ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Àbújá àti ní Pọtakọ́ọ̀tù, ọmọ Yorùbá tí kò lè sùn láìwo ìpín kan tàbí méjì kò mọ níwọ̀n. Bí wọ́n bá wò ó tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ lámèyítọ́: òṣèré yìí mọ eré ṣe, tọ̀hún kò mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbẹ, ìfẹ́ wọn falẹ̀ jù. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni ojú tí wọ́n fi wo eré náà kí wọ́n tó dájọ́.

Irú eré wọ̀nyí ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rìn káyé. Ní 1983 ni ilé-iṣẹ́ NHK ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ Oshin, eré oníìpín 297 tí ó parí ní 1984. Ìtàn ọmọbìnrin tálákà kan ni, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ rán lọ sìn nílé onílé ní ọmọ ọdún méje nítorí àpò ìrẹsì kan. Orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 60 ni wọ́n ti wò ó. Yorùbá tí ó bá ti gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn àgbà kò nílò alálàyé kí ẹkún ọmọ náà tó yé e. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ MBC ti Gúúsù Kòríà gbé Dae Jang Geum jáde ní ìpín 54, ìtàn obìnrin tí ó ti ilé ìdáná ọba dìde títí ó fi di oníṣègùn ọba. Ẹni tí ó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ láàfin yóò rí ohun tí àlejò kò ní rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹwòran kò gbọ́ èdè àwọn òṣèré náà. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n ń kà. Ìlà méjì péré ni ògbufọ̀ sábà máa ń rí lò, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni ìlà wọ̀nyí fi ń wà lójú àwòrán. Ó di dandan kí ó gé ọ̀rọ̀. Ohun tí ó sì rọrùn jù láti gé ni ọ̀wọ̀, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní àyè tí yóò gbé e sí.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú Squid Game, eré ilẹ̀ Kòríà tí Netflix gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ali, òṣìṣẹ́ kan tí ó wá láti Pakistan, ń pe ọmọ Kòríà kan, Sang-woo, ní ọ̀gá. Sang-woo ní kí ó yé pe òun ní ọ̀gá, kí ó máa pe òun ní hyung, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà ni Ali ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Nígbà tí ó di ìpín kẹfà, ẹ̀gbọ́n yìí tan àbúrò rẹ̀ jẹ, ó sì fi í lé ikú lọ́wọ́. Nínú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Sang-woo lásán ni wọ́n kọ níbi tí Ali ti pe ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ó ka ìtumọ̀ rí ọ̀rẹ́ tí ó da ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀gbọ́n rí ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àgbà tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba àbúrò, tí ó sì tà á. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Kòríà ráhùn ní gbangba nígbà náà.

Òótọ́ ni pé èdè méjèèjì kò rí bákan náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni Kòríà ní fún ẹ̀gbọ́n: ọkùnrin a máa wí hyung àti noona, obìnrin a máa wí oppa àti unnie. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, níbi tí Yorùbá ti ń lo ẹ àti wọ́n. Bí òṣèré kan bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sílẹ̀ lójijì, ó lè jẹ́ pé ìjà dé, ó sì lè jẹ́ pé ìfẹ́ wọlé. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pe àna rẹ̀ ní ìwọ. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kì yóò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Òǹwòran yóò sì wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbẹ.

Àwọn kan yóò wí pé láìsí èdè Gẹ̀ẹ́sì, eré náà kì bá tí dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Òdodo ni. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀, pàápàá àwọn olùfẹ́ eré tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún Viki, ilé-iṣẹ́ tí Rakuten ti ilẹ̀ Japan rà ní 2013. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yàtọ̀ sí ìtẹ́lọ́rùn. Ẹni tí yóò ṣe lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀bi òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí ẹ̀bi òṣèré, kí ó sì mọ méjèèjì yàtọ̀ sí ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Bí ó bá kọ́ ogún ọ̀rọ̀ Kòríà péré, ti ìkíni, ti ẹbí àti ti ipò, etí rẹ̀ yóò máa gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń gbé lẹ́yìn odi ju àwọn ará ilé lọ. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kàdúná ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé, ó ń sọ Haúsá ládùúgbò, ó sì ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ nínú ilé. Bí òbí rẹ̀ bá jókòó tì í nídìí eré náà, tí ó wí pé, “Ẹ̀gbọ́n ni ó pè é, kò pe orúkọ rẹ̀,” ọmọ náà yóò lóye eré, yóò sì lóye ilé baba rẹ̀. Kí àwọn òbí má ṣe bú eré àwọn ọmọ wọn. Kí wọ́n bá wọn wò ó, kí wọ́n sì fi Yorùbá bá wọn jiyàn lé e lórí.

Ènìyàn lè fi ojú olójú ríran díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ojú tirẹ̀, tí ó sì dì í pa, kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá wí.