TA NI Ó DÚRÓ NÍ ÌDÍ ÒPÓ?

Àwọn kan nínú wa yóò bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Kí wọ́n bínú.

Bí ẹ bá ń gba Ajílósùn tàbí Basiri kọjá lọ́jọ́ tí iná bá bàjẹ́, ẹ gbé ojú sókè wo òpó. Ẹ ó rí ọmọkùnrin kan lórí àkàsọ̀, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, kò sí ìbọ̀wọ́. Ẹ wá gbé ojú wálẹ̀, kí ẹ wá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wà nínú ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó wà ní ìdí oníyán. Ọmọ Pólì ni ọmọ tó wà lókè yẹn. Oṣù mẹ́rin péré ni ó wá lò lọ́dọ̀ wa. Ta wá ni ó ń kọ́ ọ níṣẹ́?

Ètò tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe tuntun. ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ni ó bẹ̀rẹ̀ SIWES ní 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí láìmọ bí a ti ń di wáyà mú. Kí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú wa ni a ṣe fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa. A kò ní kí wọ́n wá rọ́pò òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kọkànlá 2013 tí ìjọba ti fa iṣẹ́ pínpín iná lé aládàáni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ àgbà òṣìṣẹ́ PHCN ti gba owó wọn lọ ilé. Níbi tí ọwọ́ kò bá ti tó, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Ó rọrùn fún agbanisíṣẹ́, nítorí kò ná an ní owó oṣù. Àwa náà gbà, nítorí ó gbà wá lọ́wọ́ gígun òpó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó lè pa wọ́n. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbà pé bí iná bá ti lọ, wáyà ti kú. Irọ́ ni. Ní Adó yìí, ilé mélòó ni kò ní jẹnẹrétọ̀? Bí onílé kan kò bá ní ṣénjì-ófà, tí ó kàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ ihò iná ara ògiri, iná náà kò ní dúró sínú ilé rẹ̀; yóò gba ara mítà jáde sórí òpó. Bí ó bá sì dé ìdí tiransifọ́mà, èyí tí ó ń sọ 11,000 fólítì di 415 lè sọ 415 padà di 11,000. Ọmọ tí ó wà lókè kò mọ èyí. Ọ̀gá tí ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń fi tẹ́sítà dán wáyà wò, tí a sì ń so ó mọ́lẹ̀ ní áàtì, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án, bí òkùnkùn tilẹ̀ bo gbogbo àdúgbò.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́, nígbà tí NEPA ṣì ń jẹ́ NEPA, a máa yọ fíùsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kó wọn sápò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ dá iná padà yóò kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn òun ná. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí iná gbé.

Mo ti bá wọn gbé ọmọ kan sọ̀kalẹ̀ lórí òpó rí, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. A rí logbook rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti buwọ́ lù ú títí dé ìparí oṣù, bẹ́ẹ̀ ni oṣù kò tíì dé ìdajì.

Àwọn kan yóò ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, a kò sì kú." Òótọ́ ni. Àwọn tí ó kú kò lè wá sí ìpàdé wá jiyàn. Òfin Iléeṣẹ́ ti 1987 kò sì fara mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a ṣàlàyé ewu iṣẹ́ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí kò bá tíì kọ́ ọ tó, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa mójú tó o. Èwo nínú rẹ̀ ni a lè ṣe láti ìdí oníyán?

Àbá mi nìyí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má ṣe rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ sórí òpó láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti dán wáyà wò lójú ọmọ náà, tí ó sì dúró ní ìdí òpó títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Kí a má ṣe buwọ́ lu iṣẹ́ tí ojú wa kò tó. Bí ọ̀gá àgbà bá pàṣẹ pé kí a rán ọmọ náà lọ ní òun nìkan, kí a kọ̀, kí ẹ̀ka sì dúró ti ẹni tí ó bá kọ̀.

Mo ti fi àbá yìí lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sí ìpàdé, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa.